Kí Ara Balẹ̀, Kí Ọkàn Tó Balẹ̀

Yóga ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Láti ọdún 2015 ni a ti ń ṣe àyájọ́ rẹ̀ káàkiri àgbáyé ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, síbẹ̀ àwọn kan kà á sí eré ìdárayá lásán, àwọn mìíràn sì ń sá fún un bí ẹni sá fún ẹbọ ìkóríta. Lójú tèmi, apá méjèèjì ni kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà dé ìdí.

Kí ni yóga gan-an? Inú èdè Sanskrit ti ilẹ̀ Íńdíà ni orúkọ náà ti wá, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí síso nǹkan pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àjàgà pàápàá, ìbátan rẹ̀ ni. Ìwé Yoga Sutra, tí a kà sí iṣẹ́ Patanjali, fi yóga hàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mímú kí ìrugùdù ọkàn rọlẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú bíi 196 ni ó wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta péré ni ó dá lórí bí a ṣe ń jókòó. Ipele mẹ́jọ ni ó to ọ̀nà náà sí, ìwà ni ó sì fi ṣáájú: àìpanilára, òtítọ́, àìjalè, ìmọ́tótó, ìtẹ́lọ́rùn. Lẹ́yìn èyí ni ìjókòó, lẹ́yìn ìjókòó ni èémí, kí ó tó kan ọkàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè tiwa. A ń sọ pé "fara balẹ̀", a sì ń sọ pé "fọkàn balẹ̀". Ohun tí ó wà lókè ni í balẹ̀, bí ẹyẹ, bí bàlúù. Ara tí kò balẹ̀ ń fò kiri. Ọkàn tí kò balẹ̀ kò ní ibùsọ̀. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá farabalẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: wọn kò sọ pé alágbára ni yóò rí i, wọn kò sì sọ pé aláriwo ni. Rírí inú ni èrè ìfarabalẹ̀. N kò sọ pé àwọn baba ńlá wa ṣe yóga o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tí yóga ń wá kò ṣàjèjì sí èdè wa. Kódà, "ìfarabalẹ̀" tẹ́ mi lọ́rùn ju "àṣàrò" lọ, nítorí ríro ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn ni a sábà ń pè ní àṣàrò, bẹ́ẹ̀ ti yóga ni kí ọkàn dúró sójú kan.

Ẹ gbọ́ ìtàn Ramana Maharshi. Ní ọdún 1896, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní ìlú Madurai ní gúúsù Íńdíà, ẹ̀rù ikú ṣàdédé bà á, bẹ́ẹ̀ kò ṣàìsàn. Kò wá oníṣègùn lọ. Ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọnrangandan bí òkú, ó pa ẹnu dé, ó sì ń wá ohun tí yóò ṣẹ́kù bí ara bá kú. Ìbéèrè "Ta ni mí?" ni ó wá di òpó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó lọ sí ẹsẹ̀ òkè Arunachala, àgbègbè ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọdún 1950. Ọ̀pọ̀ àlejò tí ó gbé ìbéèrè wá, ìdákẹ́jẹ́ ni ó fi dá wọn lóhùn.

Èmi kì í ṣe ẹni mímọ́, ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀rí kékeré kan. Nígbà tí bàbá mi kú, èmi àti àbúrò mi jà lórí owó ìsìnkú. Oṣù mẹ́jọ ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo gbàdúrà kíkankíkan, àmọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ni mò ń fi sun Ọlọ́run. Nígbà tí oorun dá lójú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ní ìdájí, mo na ẹ̀yìn ró, mo ń ka èémí mi láti ení dé ẹ̀wá. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ariwo owó náà ni mò ń gbọ́ nínú orí mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí ìgbà tí omi tòrò tí a sì rí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó hàn sí mi pé kì í ṣe owó ni ó ń bí mi nínú. Àbúrò mi ni ó tọ́jú bàbá nígbà àìsàn. Èmi kò yọjú. Ìtìjú ni mo fi ìbínú bò mọ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo pè é, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Ìmọ̀ ẹ̀mí tí mo ń wí kò ju èyí lọ: kí ènìyàn rí òtítọ́ nípa ara rẹ̀, kí ó má sì rí ibi sá sí mọ́. A kò gbọdọ̀ fi pa mọ́ pé inú ìsìn ilẹ̀ Íńdíà ni yóga ti hù. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò gbà á láyè, kí ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ohun ìní ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Kì í sì í ṣe oògùn gbogboǹṣe: ẹni tí jíjókòó jẹ́ẹ́ bá ń dá kún ìdààmú rẹ̀, kí ó tọ dókítà lọ.

Ní ìdájí ọ̀la, ẹ pa fóònù yín, kí ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ kàn máa ka èémí. Bí ọkàn bá sá lọ, ẹ rọra pè é padà. Ẹ má nà án. Kí ara kọ́kọ́ balẹ̀ ná. Ọkàn yóò wá bá a níbẹ̀.

Ire o.