Ìdè Inú Ẹ̀rọ Ọkọ̀: Ṣé Èdè Yorùbá Kò Lè Ṣàlàyé Rẹ̀ Ni?

Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ẹni tí ó bá ti rí ọkọ̀ tí ó rì sínú ẹrẹ̀ ní ọ̀nà oko Fìdítì tàbí ti Ìlọrà lásìkò òjò yóò gbà pé òwe yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ènìyàn nìkan. Táyà kan yóò máa yí lásán, yóò máa ta ẹrẹ̀ sókè. Èkejì yóò dúró gbári. Ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó yẹ kí ó ti dé ọjà yóò wà lójú kan. Ẹ́ńjìnnì kò kú, epo kò sì tán. Kí ló dé tí ọkọ̀ náà kò lọ? Mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó lè fi èdè Yorùbá dáhùn?

Ìdáhùn náà kò le. Bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, táyà ẹ̀gbẹ́ ìta máa ń rìn jìnnà ju ti inú lọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé tí ń yan bí ológun: ẹni tí ó wà níta ní láti yára, ẹni tí ó wà nínú yóò rọra. Ẹ̀rọ tí ó fún táyà ní àyè yìí ni Òyìnbó ń pè ní differential. "Apínagbára" lè dúró fún un ní Yorùbá. Àléébù rẹ̀ ni pé táyà tí kò rí ilẹ̀ dì mú ni yóò máa yí, èyí tí ó wà lórí ilẹ̀ líle kò sì ní rí agbára tí ó tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ìdè sí i. Bí awakọ̀ bá dè é, táyà méjèèjì yóò máa yí bákan náà, èyí tí ó rí ilẹ̀ tẹ̀ yóò sì fa ọkọ̀ jáde.

Irú ìdè yìí wà nínú ọkọ̀ eré ìdárayá pẹ̀lú. Subaru Impreza ni Colin McRae fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà ní ọdún 1997. Nínú Subaru WRX STI, tí wọ́n ṣe títí di ọdún 2021, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí, apínagbára kan sì wà láàrin ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Awakọ̀ lè fi ìka yí nǹkan kékeré kan nítòsí gíà láti tú u, láti dè é díẹ̀, tàbí láti dè é pinpin. Ìdè dára lórí ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dè é pinpin lórí ọ̀dà gbígbẹ tí ó sì yà ní kọ́nà, táyà yóò máa jẹ, irin inú ẹ̀rọ yóò sì máa jìyà.

Àlàyé bí èyí yẹ àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá, ṣùgbọ́n orí ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń dúró sí. Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, láti ọdún 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó bá sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kò ní dé kíláàsì físíìsì mọ́. Ta ni yóò ṣàlàyé fún un?

Kí olùkọ́ Yorùbá pe mẹkáníìkì àdúgbò wá sí kíláàsì. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi í léèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì jiyàn lórí orúkọ tí ó yẹ ẹ̀yà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnìkan bá rí orúkọ tí ó dára ju apínagbára lọ, èrè èdè Yorùbá ni.