Láti Yopougon dé Èjìgbò pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní zone industrielle Yopougon, ìsinmi iléeṣẹ́ kì í gùn, ilé sì jìnnà. Láti Abidjan dé Èjìgbò, ẹnubodè mẹ́rin ni: a ó wọ Ghana, Togo, Benin, kí a tó wọ Nàìjíríà. Àgbàlagbà lè jókòó sínú ọkọ̀ tààrà, ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè ṣe é. Lójú tiwa, ẹ sùn ní Accra, kí ẹ tún sùn ní Kútọnu.

Ẹ tètè jí o. Ìwọ̀-oòrùn ìlú ni Yopougon wà, ìlà-oòrùn sì ni ọ̀nà Noé. Ẹni tó bá pẹ́, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Abidjan ni yóò ti jẹun àárọ̀.

Ìwé ọmọ ló le jù. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní ọjọ́ 90 láìgba físà, ṣùgbọ́n kò ní ká má mú ìwé dání. Ẹ gba ìwé ìrìnnà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú extrait tó gbé orúkọ òbí méjèèjì. Bí ìyá nìkan ló ń kó wọn lọ, kí baba fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Nítorí àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ kọjá, wọ́n lè bi yín pé ọmọ ta ni. Ìgbà yẹn kọ́ ló yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá baba lórí fóònù.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kí káàdì rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní Hilla-Condji, bí ẹ bá ti wọ Benin, ẹ sún aago síwájú ní wákàtí kan. Ikùn ọmọ kò mọ̀yẹn. Ẹ fi búrẹ́dì sí ìtòsí.