Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá kọ̀ ni bátìrì jẹ̀bi

Ọdún ti ń wọlé bọ̀, àwọn kan nínú wa sì ti ń múra àtilọ kí àwọn òbí nílé. Ọ̀rọ̀ mọ́tò tí kì í jí láàárọ̀ la fẹ́ bá ara wa sọ, torí owó tí à ń kó fún àwọn tó ń ta bátìrì ti pọ̀ jù.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. A yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò dákẹ́. Aládùúgbò á ní, "Bátìrì yín ló ti kú yẹn, ẹ lọ ra òmíràn." A ra tuntun, mọ́tò jí, inú gbogbo wa dùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó tún dákẹ́. Èrò tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ra bátìrì mọ́ àfi tí wọ́n bá fi mítà wọn ti àtijọ́ lójú ẹ̀. Rewáyà tí kò ní mítà, ojú lásán ló fi ń wo àìsàn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Àwọn kan á ní àwọn bàbá wa ò mọ mítà, síbẹ̀ wọ́n gun Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 504 yẹn, tí ọmọkùnrin mẹ́ta bá tì í, ó ti jí. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí à ń lò báyìí, gíà ọ̀tọ́mátíìkì ni. Ẹ tì í dé Zaria, kò ní jí.

Ohun tí mítà ń sọ ò le. Tí mọ́tò bá sùn mọ́jú láìṣiṣẹ́, bátìrì tó kún á fi bíi 12.6 hàn. Tó bá jẹ́ 12.0, iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀, ẹ gbé e lọ ṣáàjì. Kí iná tán yàtọ̀ sí kó kú o! Lẹ́yìn tó bá kún, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹ ṣe ń wo mítà. Tó bá já sísàlẹ̀ 9.6, ìgbà yẹn lẹ lè sọ pé bátìrì ti rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.7 sí 14.7. Tó bá dúró sí 12 àti díẹ̀, alternator ni kò ṣiṣẹ́, tàbí bẹ́líìtì tó ń yí i ti dẹ̀. Ẹni tó ra bátìrì tuntun sí irú mọ́tò yẹn, omi ló ń pọn sínú agbọ̀n.

Etí náà ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tó ń dún ká-ká-ká-ká, iná ò tó, tàbí orí bátìrì ò dì dáadáa. Tó bá dún kọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré tó dákẹ́, tí iná iwájú sì mọ́lẹ̀ kedere, ẹ yẹ kick starter wò. Tí kò bá dún rárá, ẹ gbé gíà sí N kẹ́ ẹ tún un yí, kẹ́ ẹ wo fíúsì àti relay. Tó bá sì ń yí gbùrù-gbùrù dáadáa ṣùgbọ́n tí kò jí, ẹ fi bátìrì sílẹ̀ jàre. Epo tàbí plọ́ọ̀gì ni kẹ́ ẹ wá.

Ìgbà mìíràn, ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó hù sórí bátìrì ni gbogbo ẹjọ́. Ẹ tú wáyà negative kọ́kọ́, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí negative yẹn náà jẹ́ ìgbẹ̀yìn tí ẹ máa dá padà. Èyí tó bá ní ìdérí tó ṣeé ṣí, omi distilled ni kẹ́ ẹ bù sí i, kì í ṣe ásíìdì, kì í sì í ṣe pọ̀ wọ́tà. Oòrùn Kánò láti March sí May ló ń fa omi yẹn gbẹ, tó sì ń jẹ bátìrì wa nínú. Òtútù ọyẹ́ kàn ń tú àṣírí ni.

Èyí tó ń bí wa nínú jù ni àwọn tó máa ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, pé àwọn fẹ́ dán alternator wò. Ẹ má gbà fún wọn! Iná lè ga lójijì kó ba brain box jẹ́, owó brain box sì lè ju ti bátìrì lọ fíìfíì. Mítà tí a ń wí yìí á sọ ọ́ láìyọ nǹkan kan.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi jumper jí i, pupa sí positive bátìrì méjèèjì, dúdú sí negative èyí tó dára. Orí dúdú kejì, irin ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó kọ̀ ni kẹ́ ẹ fi há, jìnnà sí bátìrì ẹ̀. Gáàsì tó ń jáde lára bátìrì lè gbiná, torí náà kí ẹni tó ń mu sìgá kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ló máa jí láti ilé, tá a bá pa á níbi tá a ti fẹ́ ra epo ló máa kọ̀. Ọ̀nà Kàdúná sí Lọ́kọ́ja kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fẹ́ dúró sí nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Tí iná pupa tó ní àwòrán bátìrì bá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù lójú ọ̀nà, alternator ti dáwọ́ dúró nìyẹn. Ẹ pa A/C àti rédíò, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì, ìlú tó bá súnmọ́ jù ni kẹ́ ẹ yà sí.