Ẹni tí ó wà lábẹ́ tábìlì

Ẹgbẹ́ eléré ilé-ẹ̀kọ́ wa ń gbèrò láti ṣe eré Tartuffe ní ìparí sáà yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jáwọ́, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, eré tí ó bá fi ẹni tí ń gbàdúrà ṣe ẹlẹ́yà, Ọlọ́run ni ó ń fi ṣe ẹlẹ́yà. N kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìjọ ni èmi náà. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rò pé wọ́n ṣì í gbọ́.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wá lè ti mọ̀ ọ́n ní èdè Faransé. Fún àwa yòókù, Molière ará Paris ni ó kọ ọ́. Iwájú Ọba Louis Kẹrìnlá ni a ti kọ́kọ́ ṣe é, ní Versailles, ní oṣù karùn-ún ọdún 1664. Kò pẹ́ tí ọba fi ní kí a má ṣe é ní gbangba. Àlùfáà kan tilẹ̀ kọ̀wé pé iná ni ó yẹ kí a fi sun òǹkọ̀wé náà. Ní 1667, ó tún eré náà ṣe, ó yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é tí a tún fi dè é, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Paris sì kéde pé a ó yọ ẹni tí ó bá wò ó tàbí tí ó bá kà á kúrò nínú ìjọ. Oṣù kejì ọdún 1669 ni ọba tó tú u sílẹ̀.

Kí ni ó wá bí wọn nínú tó bẹ́ẹ̀? Olówó kan, Orgon, rí Tartuffe ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó ń mí kanlẹ̀, tí ó ń fi ẹnu ko ilẹ̀, ó sì mú un wálé. Nígbà tí Orgon ti ìrìn-àjò dé, ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ sọ fún un pé ibà ti dá ìyàwó rẹ̀ wólẹ̀. Tartuffe ni ó ń béèrè. Ó gbọ́ pé Tartuffe jẹ àparò méjì pẹ̀lú ìdajì itan àgùntàn, àánú rẹ̀ ni ó ń ṣe é! Ó lé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jáde, ó sì kọ ohun-ìní rẹ̀ fún àlejò. Àfi ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ fi í pamọ́ sábẹ́ tábìlì, tí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí olùfọkànsìn náà ti ń fẹ́ ìyàwó oníyàwó, ni ojú rẹ̀ tó là.

Èmi rò pé Orgon ni eré náà ń bá wí. Apá márùn-ún ni eré náà ní, apá kẹta ni Tartuffe tó yọjú. Ṣáájú ìgbà náà, Orgon ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é. Nígbà tí àṣírí sì tú, tí Orgon búra pé òun kò ní í gba olóòótọ́ kankan gbọ́ mọ́, àna rẹ̀ Cléante ni ó bá a wí pé àṣejù mìíràn ni ó tún ń ṣe yẹn. Ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀tá ìsìn nìyẹn?

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Wòlíì kan gbé nínú ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá mi kì í ṣe òmùgọ̀. Ó fẹ́ràn Ọlọ́run tọkàntọkàn, ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin náà sì gbà wọlé. Ìyá mi sọ̀rọ̀ títí, ó dákẹ́. Owó ilé-ìwé mi bá a lọ, mo sì jókòó sílé fún odidi ọdún kan. Títí bàbá mi fi kú, kò dárúkọ ọkùnrin náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dá ṣọ́ọ̀ṣì dúró.

Mo ti fi orúkọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ eléré. Orgon ni mo fẹ́ ṣe.