Sí Ẹ̀yin Ọ̀gá Iṣẹ́ ní Toronto: Orúkọ Àìsàn Kọ́ Ló Kàn Yín

Ẹ̀yin ọ̀gá tí àbójútó òṣìṣẹ́ wà ní ìkáwọ́ yín,

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyí tí èmi tí mo ti pẹ́ lẹ́nu ṣíṣe aṣojú òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí ìlú yìí, tí mo sì ti jókòó níwájú ọ̀pọ̀ nínú yín, fi mú kálàmù lórí ọ̀ràn ọmọbìnrin Ẹ̀gbá kan, ọmọ Lísàbí, tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí wọ́n fi sí ẹnu ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ nínú oṣù Kìn-ín-ní. Ohun tí ó tọrọ kò ju méjì lọ: kí wọ́n gbé e kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó máa mu omi nígbàkigbà. Alábòójútó rẹ̀ fèsì pé òtútù Kánádà kò mojú ẹnìkan, àti pé òfin kan náà ni fún gbogbo ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ń ká mi lára títí di òní. Ọgbọọgba kọ́ ni ìka. Òtútù tí ń mú ẹlòmíràn gbọ̀n lásán lè sọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ bí dòjé di aláìsàn orí ibùsùn, tí ìrora yóò máa ro ó wọnú egungun. Bẹ́ẹ̀ ni òùngbẹ àti àárẹ̀ ń ṣe. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ìkókó wò nítorí àrùn yìí ní Ontario, nítorí náà kò sí ọ̀gá tí ó lè pè é ní ohun àjèjì.

Ní ti òfin kan náà fún gbogbo ènìyàn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Kánádà ti fèsì ní ọdún 1985, nínú ẹjọ́ Theresa O'Malley, ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé ní ilé ìtajà Simpsons-Sears: wọ́n ní bí agbanisíṣẹ́ kò tilẹ̀ gbèrò ibi, òfin tí ó dọ́gba lójú lè ni ẹnìkan lára ju àwọn yòókù lọ, ó sì di dandan kí agbanisíṣẹ́ wá ọ̀nà ìrọ̀rùn fún un.

Èyí tí ó bí mi nínú jù ni ti ìwé. Dókítà kọ ọ́ pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ wà nínú òtútù. Wọ́n ní kò tó. Ó mú òmíràn wá. Wọ́n ní kí ó dárúkọ àrùn. Nígbà tí ó dárúkọ rẹ̀ tán, kò pẹ́ tí gbogbo ilé ìkẹ́rùsí fi gbọ́! Bẹ́ẹ̀, ìlànà Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Ontario sọ ọ́ kedere pé ohun tí ara òṣìṣẹ́ kò gbà àti ohun tí ó nílò ni ó yẹ kí ọ̀gá mọ̀, kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 50 sì gbọdọ̀ ní ìlànà àkọsílẹ̀ fún irú ìtọrọ báyìí lábẹ́ òfin ọdún 2005 lórí ọ̀rọ̀ àwọn abirùn. Wọ́n ní in; inú fáìlì ni ó wà.

N kò ní purọ́ mọ́ yín. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tí ó fi irọ́ gba ìwé dókítà, mo sì mọ̀ pé owó kì í pọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kékeré. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Ontario mọ̀ ọ́n, ó sì gbà yín láyè láti kọ̀ bí owó tàbí ewu ọ̀rọ̀ náà bá kọjá ohun tí ẹ lè fara dà. Ṣùgbọ́n èló ni pípààrọ̀ ipò òṣìṣẹ́ méjì? Ọkùnrin kan tí ń to páálí ní inú lọ́hùn-ún ti ní òun yóò gba ẹnu ilẹ̀kùn náà. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn.

Ọmọ náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òfin fún un ní ọdún kan láti pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n àtijẹ àti ìtọ́jú ara kò jẹ́ kí ó ráyè. Ẹ kọ́ àwọn alábòójútó yín ní òfin yìí, kí wọ́n sì máa kọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ léèrè ohun tí ara rẹ̀ gbà, kí yìnyín ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́.