Ta Ló Ní Kò Sí Ẹja Nínú Omi Pupa?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àṣà lẹ́nu àwa tí à ń gbé Festac àti Amuwo-Odofin. Bí a bá ń gba orí afárá tó wà lórí omi kọjá, tí a bojú wo ìsàlẹ̀, tí a rí omi tó pupa bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Omi yìí mà dọ̀tí o." Ẹlòmíràn á ní kò sí nǹkan ẹlẹ́mìí kankan tó lè gbé inú ẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti ju ọ̀rá píọ̀wọ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu sínú omi. Ó ṣáà ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, àbí?

Àwa ò gbà. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, irọ́ tó ń pa ẹja, tó ń pa iṣẹ́ apẹja, tó sì ń jẹ́ kí àwọn kan máa ta omi fún wa ní plọ́ọ̀tì-plọ́ọ̀tì bí ẹni ń ta ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ yẹn. Bí ìyá àgbà bá kó ewé àti èèpo igi sínú ìgò, tó da omi lé e, kó tó di ọjọ́ kejì omi yẹn á ti pọ́n. Kò sẹ́ni tó máa pe àgbo ní omi ìdọ̀tí. Ewé ló ro sínú omi. Ohun kan náà ni irà tó yí wa ká ń ṣe. Imọ̀ ògùrọ̀ àti koríko ń jábọ́ sínú omi tó dúró, wọ́n ń rà níbẹ̀, àwọ̀ wọn ń jáde. Bí òjò bá wá dé, omi irà yẹn á ṣàn wọ inú ọ̀sà. Odò Yewa ń gbé tirẹ̀ bọ̀ wá sí ọ̀sà Àgbádárìgì. Odò Owo ń gbé tirẹ̀ wọ ọ̀sà Ologe nítòsí Agbara, Ologe náà sì ń tú u sí ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà. Amọ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ á tún bá òjò wọlé. Bí omi ṣe ń pọ́n nìyẹn, láti ìgbà tí kò tíì sí Festac rárá.

Omi yìí sì ní àsìkò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń gba ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó wọlé, ọ̀sà á wá níyọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì mọ́ díẹ̀. Àwọn ẹja omi iyọ̀ á bá a wọlé. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, tó le ní oṣù Kẹfà, tó sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, tó tún padà wá, omi dídùn á máa ti iyọ̀ yẹn padà sẹ́yìn. Ìgbà náà ni omi ń pupa jù, ìgbà náà sì ni ọ̀bọ̀kún ń jọba. Epìyà ọ̀sà wa ní tiẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni jà: nínú iyọ̀ ni o, nínú omi dídùn ni o, ibẹ̀ ló máa wà. (Akọ epìyà yìí ló ń kó ẹyin sẹ́nu títí wọ́n á fi pa. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ní ẹ ò lè gbé ọmọ fún wákàtí kan, ẹ ò gbọ́ bí?)

Apẹja Àwórì tàbí Ègùn tó ń wa ọkọ̀ lórí omi yìí mọ gbogbo èyí láìwo kàlẹ́ńdà. Àwọ̀ omi ló fi ń mọ àwọ̀n tó yẹ kó gbé. Àwọn apẹja ọ̀sà Àgbádárìgì máa ń ri ọparun oníhò sísàlẹ̀ omi, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀bọ̀kún fẹ́ràn ibi kọ́lọ́fín, pàápàá tí akọ àti abo bá fẹ́ yé. Kò nílò kí omi mọ́ gaara kó tó rí ọ̀nà. Ó ní irùngbọ̀n yí ẹnu ká, ìyẹn ló fi ń tọ́ ayé wò. Omi tí àwa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, inú òkùnkùn ẹ̀ gan-an lọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí kí àwọn ẹja ńlá má bàa gbé e mì.

Ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe. Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ẹja kan wà tó ń jẹ́ walleye. Láti 1965 ni wọ́n ti fi ṣe ẹja ìpínlẹ̀ wọn. Ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ní ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi ti ojú ológbò lóru, ìdí nìyẹn tó fi ń ríran nínú omi pupa níbi tí ẹja kéékèèké tó fẹ́ jẹ ò ti ríran dáadáa. Apẹja ibẹ̀ kì í wo omi pupa kó yínmú. Ó ń wá a lọ ni! Tó bá sì tó àkókò tí ẹja yẹn ń yé, òfin á dé: láti ìparí oṣù Kejì títí di àárín oṣù Karùn-ún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn adágún ìpínlẹ̀ náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, ọdún ni. Láti 1948 ni gómìnà fúnra rẹ̀ ti ń gbé ọ̀pá ìwọ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn.

A mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Òyìnbó nìyẹn." Ó dáa, Argungu ní Kebbi ńkọ́? Láti 1934 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ẹja pípa níbẹ̀, omi Matan Fada sì máa ń wà ní títì pa títí ọjọ́ ọdún á fi pé. UNESCO fi ọdún yẹn sínú ìwé àṣà àgbáyé ní 2016. Gánà náà, ní 2019, sọ fún àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré pé kí wọ́n fi òkun sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Ariwo pọ̀, ìyẹn ò ní ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ ìlú etí omi nílẹ̀ Yorùbá náà sì ní ọjọ́ tí wọn kì í ju àwọ̀n, àwa ọmọ ìgboro la ń pè é ní ìbọ̀rìṣà, tí a ò bi ara wa pé kí ni ẹja ń fi ọjọ́ yẹn ṣe.

Ọ̀rọ̀ wá kan Festac gan-an. Àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú tó wáyé láti 15 oṣù Kìíní sí 12 oṣù Kejì ọdún 1977 ni wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ìlú yìí. Wọ́n kọ́lé fún àlejò, wọ́n pín títì sí àfẹ́nù àti kúlóòsì, gbogbo ẹ̀ ṣe kedere. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n fi orúkọ àṣà sọ, ẹ̀yìn ló kọ sí àṣà tó bá lórí omi. Ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà sí kúlóòsì, a mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sun ẹja lóru, a ò mọ orúkọ ẹja mẹ́ta tó wà nínú omi ẹ̀yìnkùlé wa.

Ẹja tí à ń jẹ, kò ní àsìkò. Títùsì ti inú yìnyín wá láti òkè òkun. Àrọ̀ pọ́ìntì-áńdì-kíìlì ti inú kòtò kọnkéré wá, oúnjẹ àpò ló sì ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́. A ò sọ pé kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́ o, àwa náà ń jẹ ẹ́, ó sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹja rẹ̀ ti inú fíríìsà wá lójoojúmọ́, báwo ló ṣe máa mọ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀sà bá dákẹ́?

Ibi tó ń dùn wá jù nìyí. Omi pupa méjì ló wà. Ọ̀kan, ewé ló rẹ ẹ́. Tí ẹ bá bu ìyẹn sínú ife gíláàsì, á pọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì rí ìka yín ní òdìkejì, òórùn koríko ni yóò sì ní. (A ò ní kẹ́ ẹ mu ún!) Èkejì, ṣaláńgá àti epo ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀: ó ṣú, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bu, epo ń dán lórí ẹ̀ bí òṣùmàrè. Méjèèjì wà ní Amuwo-Odofin lónìí. Nítorí pé àwa ń pe méjèèjì ní orúkọ kan náà, ẹni tó ń da ìgbẹ́ sínú omi lóru ti rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹni tí epo ń jò lọ́wọ́ ẹ̀ náà ti rí. Ta ló máa mú wọn, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti gbà pé bí omi ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn?

Bákan náà ni ti ewé olódòdó àlùkò tó ń bo ojú omi lásìkò òjò. Kì í ṣe ojú oró, kì í ṣe òṣíbàtà. Àlejò ni, 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ọ̀nà omi Àgbádárìgì, láti ìhà Benin ló gbà wọlé. Iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn máa ń pa púpọ̀ nínú ẹ̀. Òun náà ní àsìkò, ṣùgbọ́n àwa á rí i lẹ́ẹ̀kan, a ó ní omi ti kú.

Omi tó ti kú, yanrìn ló kàn. Ẹ̀rọ á fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà, tí wọ́n á sì dà á sórí irà tí ọmọ ẹja ń gbé. Ìpalára méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin àpapọ̀ ọdún 1992 lórí àyẹ̀wò àyíká kà á sí dandan kí wọ́n ṣàyẹ̀wò kí wọ́n tó kún etí omi tó bá tó hẹ́kítà 50. Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀: ìyẹn ju plọ́ọ̀tì 700 lọ. Ẹni tó ń kún un ní plọ́ọ̀tì méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, kì í kan ìlà yẹn láéláé. Bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, irà ti tán, kò sì sí ẹni tó dá hẹ́kítà 50 kún.

Wọ́n á ní ènìyàn pọ̀ l'Ékòó, ilé la nílò. Òótọ́ ni, àwa gan-an ń san owó ilé tó ń gba ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ irà yẹn lomi òjò ń lọ dúró sí. Tẹ́ ẹ bá gba àyè ẹ̀, inú pálọ̀ ló máa wá. Ẹni tó bá gbé ibí ní oṣù Kẹfà mọ ohun tí à ń sọ.

A ò fi àwọn apẹja sílẹ̀ o. Àwọn kan wà tí ojú àwọ̀n wọn kéré bíi ti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ọmọ ẹja tí kò tó ìka ni wọ́n ń kó. Àwọn mìíràn ń da gámálìn sómi, bẹ́ẹ̀ òfin ẹja odò ti 1992 ti kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi májèlé pa ẹja. Ẹni tó ń ṣe ìyẹn, ọ̀tá kan náà lòun àti oníyanrìn.

Nítorí náà, ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ò le. Kí wọ́n pe àwọn apẹja jókòó kí òjò tó dé, kí àwọn fúnra wọn sọ oṣù tí ọ̀bọ̀kún ń yé, kí wọ́n sì ti ẹnu irà pa ní oṣù yẹn fún àwọ̀n àti fún ọparun. Kí wọ́n fún apẹja ní nǹkan tí yóò jẹ títí wọ́n á fi ṣí i, torí ebi ò gbófin. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún da yanrìn sórí irà, ì báà jẹ́ ìdajì plọ́ọ̀tì, títí wọ́n á fi yàwòrán irà tó kù, tí wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí gbogbo ayé á ti rí i. Kí wọ́n máa bu omi yìí lọ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan nígbà òjò, ẹ̀ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá rí fún wa ní Yorùbá, ní Ègùn, ní Píjìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fóònù lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá tún dé orí afárá yẹn, ẹ ya àwòrán omi náà lóṣù yìí, ẹ tún yà á lóṣù tó ń bọ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ kọ òórùn ẹ̀ náà sílẹ̀. Tí oníyanrìn bá wá ní omi òkú lòun ń kún, a ó mọ ohun tí a máa kó síwájú ẹ̀.