Ẹ Má Ṣe Fi Sìmẹ́ńtì Bo Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ń rẹ́rìn-ín, kí ó kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ léèrè iye tí ó ná sórí ọbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, kí ó tó máa bá ẹ̀rín rẹ̀ lọ.

Olùkọ́ ni mí, Ìsọlọ̀ ni mo sì ń gbé, nínú ilé kan tí àwa ayálégbé mẹ́rin jọ ń gbé. Lẹ́yìn ilé náà, láàrin kànga àti ògiri aládùúgbò wa, ilẹ̀ tóóró kan wà tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ ní gígùn àti ẹsẹ̀ bàtà 6 ní ìbú. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ sí i. Ní oṣù Kejì ọdún yìí, bàbá onílé wa wá kí wa. Ó wo ilẹ̀ náà títí, ó ní òun yóò da sìmẹ́ńtì sí i kí àgbàlá lè mọ́ tónítóní. Bàbá náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun tí gbogbo àdúgbò ń ṣe ni òun náà fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé ohun tí gbogbo àdúgbò ń ṣe yìí kò tọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ da sìmẹ́ńtì sí àgbàlá ní òpópó wa, ibi tí mọ́tò rẹ̀ yóò dúró sí nìkan ni ó dà á sí. Lẹ́yìn náà ni ó da iwájú ilé ìdáná, nítorí ẹrẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó wo ìwọ̀nba tí ó kù, ó rí i pé kò bá ilé rẹ̀ mu mọ́, ó sì kúkú bo gbogbo rẹ̀ pátá. Aládùúgbò rẹ̀ rí i, òun náà kò fẹ́ kẹ́yìn. Bí ẹ bá rìn láti Mafolúkù dé Òkè-Afá lónìí, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ilé tí kò ní ilẹ̀ tí adìẹ lè fi ẹsẹ̀ tàn. Òjò a rọ̀, kò ní rí ibi wọ̀. A di àgbàrá, a gba ojú títì lọ sínú gọ́tà tí pàǹtírí ti dí, a sì padà wá bá onílé nínú yàrá. Àwọn tí ó wà ní Èkó ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 2011 kò lè gbàgbé òjò ọjọ́ náà àti ẹ̀mí tí ó bá a lọ. Èmi kò sọ pé ebè ẹ̀fọ́ ni ìbá gba ìlú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà; àgbàrá ọjọ́ náà ju ti ebè lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ṣí sílẹ̀ a máa mu omi, sìmẹ́ńtì kì í mu ún.

Nígbà àwọn baba wa, kò sí agbo ilé tí kò ní ààtàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da eérú, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni tẹ̀tẹ̀, gbúre àti òdú ti ń hù láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn wọ́n. Ìyàwó ilé kì í gbé agbọ̀n lọ sí ọjà nítorí ẹ̀fọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ń yà sí nígbà tí ìkòkò ọbẹ̀ bá ti wà lórí iná. Lónìí, àwọn ènìyàn ń di irú ilẹ̀dú bẹ́ẹ̀ sínú àpò, wọ́n sì ń tà á fún wa. (N kò ní kí ẹ lọ máa gbin ẹ̀fọ́ sórí ààtàn òde òní o. Ọ̀rá àti ìgò fífọ́ kì í jẹrà, bátìrì sì ní májèlé nínú.)

Ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó gbin nǹkan, nígbà tí òtútù bá ti ń lọ tí yìnyín sì ti yọ́ kúrò lórí ilẹ̀. Àwa kò ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Àkọ́rọ̀ ni tiwa. Oṣù Kẹta a wọlé, ooru a mú, ilẹ̀ a gbẹ. Lọ́jọ́ kan ìjì a dé, òjò a sì rọ̀ fún bí wákàtí kan, òórùn ilẹ̀ tútù a gba gbogbo ilé. Ẹni tí yóò jẹ ẹ̀fọ́ ọgbà rẹ̀ ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún gbọ́dọ̀ ti ro ilẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Bí ó bá fi di oṣù Kẹfà, òjò a ti pọ̀ jù. A máa gbá irúgbìn lọ, ewé a sì máa jẹrà.

Ebè pẹrẹsẹ tí ó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ ni mo máa ń kọ, kí omi má baà dúró sí ìdí ọ̀gbìn, n ó sì po ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti gbó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀. Ẹni tí ó bá fọ́n ọn bẹ́ẹ̀ yóò fọ́n ọn jọ sójú kan. Iyanrìn gbígbẹ ni kí a pò ó mọ́ kí a tó fọ́n ọn. Láàrin ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún yóò ti hù. Nígbà tí ó bá di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, a ó máa fa èyí tí ó há mọ́ra tu, a ó sì máa fi se ọbẹ̀. Àwọn tí ó kù, a ó máa gé wọn lórí, wọn yóò sì tún máa yọ ẹ̀ka. Abájọ tí wọ́n fi ń sọ pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ kì í yá tó o, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti tó láti dá ọkọ ilé lọ́kàn le. Ewúro kò fẹ́ irúgbìn rárá: ẹ gé igi rẹ̀, ẹ rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ewédú ni ó lágídí jù. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í hù bí a bá gbìn ín bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni kí a dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, kí a rì í bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí a ka ení dé ẹ̀wá, kí a fà á yọ, kí a sì sá a kí ó gbẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ èyí, mo rò pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni.

Lóòótọ́, n kò mọ nǹkan kan ní ọdún kìíní. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ni mo dà sí ilẹ̀, ó sì jó ọ̀gbìn mi bí ẹni pé mo da omi gbígbóná lé e lórí. Èyí tí ó kù, kòkòrò ń dá ihò sí i lára. Ìyá àgbà kan tí ń gbé ní ojúlé kejì wò mí láti ojú fèrèsé fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó tó pè mí pé, "Tíṣà, ẹ gbọn eérú sí i láàárọ̀, nígbà tí ìrì bá ṣì wà lára ewé." Mo mú ìwé àti kálàmù jáde láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀fọ́ kì í ṣe ohun tí ó wọ́n, pé ọjà wà nítòsí. Bẹ́ẹ̀ ni, títí di ọjọ́ tí ọjà kò ní sí. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan run oko tòmátì ní Kàdúná, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Ẹ̀bólà tòmátì; gbogbo ìyá ní Èkó ni ó mọ ohun tí ojú wọn rí. Ní òpin oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan, wọn kò jẹ́ kí ata, àlùbọ́sà àti màlúù wá sí ìhà gúúsù. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 16 kò lè bọ́ ilé ní tòmátì, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ń fún ìdílé mi ní ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Keje.

Ìjọba náà ti dán irú èyí wò rí. Ní ọdún 1976, nígbà tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà lórí oyè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí OFN. Wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sí oko nígbà ìsinmi, wọ́n sì rọ gbogbo ará ìlú kí wọ́n gbin nǹkan sí ilẹ̀ tí ó bá ṣófo. Ní ọdún 1980, ìjọba Alhaji Ṣéhù Ṣàgàrí fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀. Lójú tèmi, èrò náà kò burú. Ariwo rẹ̀ ni ó pọ̀ ju ọkọ́ rẹ̀ lọ. Ní Lọ́ńdọ̀n, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọ̀tá ń ri ọkọ̀ tí ń kó oúnjẹ wọn wá sínú òkun, wọ́n gbin ẹ̀fọ́ sínú yàrà tí ó yí Tower of London ká. Bí yàrà ààfin tí wọ́n ti ń bẹ́ orí àwọn ìjòyè rí bá lè di oko, kí ni ẹ̀yìnkùlé tiwa fi ṣòro?

Ibì kan ṣoṣo wà tí n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbin ẹ̀fọ́ sí, ìyẹn ni etí títì ńlá Òṣòdì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òjé wà nínú epo bẹntiróòlù tí mọ́tò ń jó. Òjé kì í jẹrà nínú ilẹ̀, eruku rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ ewé. Ẹ̀yìn ilé ni kí a lò. Ẹni tí ń gbé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bí àwọn ará Ẹ́sítéètì Jákàńdè ní Òkè-Afá, lè rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú àpò ìrẹsì kí ó lu ìdí rẹ̀. Ata rodo yóò so níbẹ̀ dáradára.

Ẹ̀bi kan wà tí ó jẹ́ ti àwa olùkọ́. Ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ilé-ìwé ni a máa ń gbé ọkọ́ lé lọ́wọ́. Báwo ni ọmọ yóò ṣe fẹ́ràn ohun tí a fi ń jẹ ẹ́ níyà? Láti ìsinsìnyí lọ, n kò tún fi oko jẹ akẹ́kọ̀ọ́ kankan níyà mọ́.

Mo ti lọ bá bàbá onílé wa. Mo gbé ìdì ewúro méjì dání, nítorí òun nìkan ni ó kù nínú ọgbà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn yóò rò ó wò. Iyanrìn tí wọ́n rà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ga tó orókún mi. Sìmẹ́ńtì kò tíì dé. Òjò kìíní rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo fọ́n irúgbìn mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.